Ẹ yọ fíltà náà kí ẹ tó tú lẹ́ńsì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbé lẹ́ńsì 70-300, èyí tó ń fa ohun òkèèrè mọ́ra, tí mo rà ní tòkunbọ̀ lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ. Èrò kò jẹ́ kí n sún mọ́ Arugbá, òkèèrè ni mo dúró sí tí mo fi lẹ́ńsì fà á mọ́ra. Gbogbo fọ́tò tí mo yà ní 300 ló ṣe bàìbàì, àfi bíi pé wọ́n ta ọ̀rá sí i lójú. Lẹ́ńsì kékeré tó bá kámẹ́rà wá kò ní ìṣòro kankan. Ẹnì kan tó ń tún kámẹ́rà ṣe ní kí n mú ₦35,000 wá kí òun tú u, kí òun fọ inú rẹ̀. Fíltà UV, dígí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yí mọ́ iwájú lẹ́ńsì, wà lójú lẹ́ńsì méjèèjì láti ọjọ́ tí mo ti rà wọ́n, ₦4,000 ni mo ra ìkọ̀ọ̀kan, nítorí náà mo mọ̀ pé dígí iwájú wọn mọ́. Ṣé kí n jẹ́ kó tú u ni, àbí kí n tà á?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tà á, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi súkúrúdíráfà kàn án. O ti dá ara rẹ lóhùn nínú ìbéèrè, o kàn sáré kọjá lórí rẹ̀ ni: ₦4,000. Yọ fíltà yẹn ná.

Láti ìgbà tí ọdún Ọ̀ṣun ti kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ ti pé mẹ́rin tí ẹ gbé irú ẹjọ́ yìí wá bá mi. Ohun kan náà lẹ sì ń sọ: dígí lásán ni fíltà, ó mọ́ gaara, kí ló fẹ́ fi fọ́tò ṣe? Ẹ tún ní bó bá burú ni, ṣebí ì bá ti ba ti lẹ́ńsì kékeré náà jẹ́. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ló ń ṣì yín lọ́nà jù, òun ni mo fẹ́ jókòó tì.

Wo nọ́ńbà tó wà lára lẹ́ńsì, mìlímítà ni wọ́n fi ń kà á. Bí o bá fi lẹ́ńsì kékeré ya fọ́tò ní 18, tí o sì ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí f/8, pín 18 sí ọ̀nà 8: ó lé díẹ̀ ní mìlímítà 2. Bí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣe fẹ̀ mọ nìyẹn, kò ju orí ìṣáná lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ojú ẹnì kan wá á gba ibi tíńtín kan lára fíltà kọjá, tẹlòmíràn á gba ibi tíńtín mìíràn. Wàyí o, gbé lẹ́ńsì gígùn. Bí o bá ṣí i sí f/5.6 ní 300, pín 300 sí ọ̀nà 5.6: ó lé ní mìlímítà 53. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ìpéǹpéjú kan ṣoṣo wá máa tàn ká gbogbo 53 yẹn lára fíltà, lẹ́yìn náà ni yóò tó padà pàdé lójú kan lórí sẹ́nsọ̀, ìyẹn àwo tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà. Bí fíltà bá ga níhìn-ín, tó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn ò ní pàdé.

Káfíńtà mọ ohun tí mò ń wí. Gbé ìka kan lé pákó tó wọ́, o ò ní mọ̀ pé ó wọ́. Gbé rúlà gígùn lé e, wàá rí ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ rúlà. Lẹ́ńsì kékeré ni ìka, 300 ni rúlà. Nítorí náà, pé fíltà kan kò ṣe lẹ́ńsì kékeré ní nǹkan kò jẹ́rìí gbè é rárá.

Dígí fíltà olówó pọ́ọ́kú kì í sábà tẹ́jú dọ́gba, ojú lásán ò sì lè rí i. Ó ti di lẹ́ńsì kan fúnra rẹ̀ nìyẹn, lẹ́ńsì aláìlágbára tí ẹni tó ṣe 70-300 rẹ kò fi sínú ìṣirò. Bó bá jẹ́ pé ó kàn tẹ̀ díẹ̀ bákan náà yípo ni, fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ibi tí fọ́tò ti ń mú, á sún, wàá yí i padà, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n bó bá tẹ̀ ṣákaṣàka, kò sí ibi tí o yí fókọ́ọ̀sì dé tí fọ́tò máa fi mú. Tún wo ewé àti ẹ̀ka tó wà lẹ́yìn Arugbá nínú fọ́tò rẹ. Bí ẹ̀ka kan bá pín sí ìlà méjì méjì bí ohun tí ọ̀mùtí ń rí, fíltà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí.

Ti ọ̀rá tí o ní ó wà lójú fọ́tò, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Dígí tí wọn kò fi nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń dín ìmọ́lẹ̀ tó ń padà kù bò lójú máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 ní ojú kọ̀ọ̀kan. Fíltà ní ojú méjì, ó di 8. Èyí tí wọ́n bò dáadáa kì í dá tó 1 padà lójú kan. Ìmọ́lẹ̀ tó padà yìí kì í lọ sílé, á máa ta síwá ta sẹ́yìn láàárín fíltà, dígí lẹ́ńsì àti sẹ́nsọ̀, òun ló ń sọ dúdú di eérú, pàápàá bí oòrùn bá kọjú sí ọ. Gbé fíltà rẹ sábẹ́ gílóòbù. Bí gílóòbù tí o rí nínú rẹ̀ bá funfun gbòò bíi ti òkè, wọn ò fi nǹkan kan bò ó, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sí etí rẹ̀. Ti èyí tí wọ́n bò máa ń ṣókùnkùn, á sì ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ àlùkò.

Kí tilẹ̀ ni UV ń wá níbẹ̀? Láyé fíìmù, ó níṣẹ́. Fíìmù máa ń rí ìtànṣán tí ojú èèyàn kì í rí, tí wọ́n ń pè ní UV, ìyẹn ló ń sọ àwọn òkè òkèèrè di búlúù bí èéfín, fíltà UV ló sì ń dí i. Kámẹ́rà òde òní ní dígí tirẹ̀ níwájú sẹ́nsọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ti tán, òṣìṣẹ́ ò lọ.

Wàá ní tìtorí ààbò lo ṣe fi í síbẹ̀. Mo gbọ́. Àmọ́ dígí iwájú lẹ́ńsì nípọn ju fíltà lọ fíìfíì, ohun tó fọ́ fíltà lè má ṣe é ní nǹkan kan. Mo sì ti rí i tí fíltà fọ́, tí àfọ́kù rẹ̀ wá ha dígí tó ní òun ń ṣọ́. Húùdù ni ààbò, rọ́bà dúdú tó yọ síwájú lẹ́ńsì bí ẹnu fìlà. Ó ń gba ìkọlù, ó ń dí oòrùn ẹ̀gbẹ́, kò sì ní dígí kankan. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí yín ní Ọláìyá l'Òṣogbo tí ẹ fi sódì mọ́ ara lẹ́ńsì, bíi ti ẹni tó ń gbé agbòjò rìn nínú òjò láì ṣí i.

Mi ò ní kí ẹ kó gbogbo fíltà dà nù o. Ibi tí wọ́n ti ń da omi tàbí pọ́dà, tàbí etí òkun tí omi iyọ̀ ti ń fọ́n, èmi náà máa ń fi èyí tó dára sí i. Àwọn lẹ́ńsì kan wà, bíi Canon 17-40 f/4L, tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹ fi fíltà sí i kí omi àti eruku má bàa wọlé, ẹ ka ìwé tó bá tiyín wá. Fún 300 yìí ṣá, bó o bá máa lò ó, ra èyí tí wọ́n bò dáadáa lójú méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fi í sílẹ̀ lásán. Àwọn tó ń ṣe lẹ́ńsì 400 f/2.8 ńlá kì í fi ojú sílẹ̀ fún fíltà níwájú rárá. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń ki fíltà kékeré bọ̀, nítòsí ibi tí lẹ́ńsì ti so mọ́ kámẹ́rà.

Èmi náà ti jẹ nínú iyán yìí. Lẹ́ńsì 70-200 tí mo kọ́kọ́ ní, mo fi ya ìgbéyàwó kan láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, kò sí ọ̀kan tó mú. Mo gbé e fún ẹnì kan, ó tú u. Nígbà tó padà dé, ọwọ́ ọ̀tún fọ́tò ń mú, ọwọ́ òsì kò mú, torí dígí inú kò jókòó sáyè rẹ̀ mọ́. Fíltà tó fa gbogbo rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀, ẹni tó tú u gan-an ló bá mi nù ún. Ìdí nìyẹn tí ara mi fi ń gbóná bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ti ń ka owó ìfọlẹ́ńsì kó tó yọ fíltà wò.

Ṣe báyìí. Jí ní kùtùkùtù kí oòrùn tó mú títì gbóná, torí ooru tó ń gbọ̀n lórí ọ̀dà náà máa ń ba fọ́tò òkèèrè jẹ́. Gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bí o ò bá ní, àpò ẹ̀wà lórí fẹ́ǹsì tó. Kọjú rẹ̀ sí pátákó kan tó ní lẹ́tà kéékèèké lódìkejì títì. Pa ohun tó ń dá gbígbọ̀n lẹ́ńsì dúró. Wo ojú tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, fa àwòrán ibẹ̀ tóbi dé ìwọ̀n tó ga jù, fi ọwọ́ yí fókọ́ọ̀sì, kí o sì lo táímà kí ọwọ́ rẹ má kàn án. Ya mẹ́ta pẹ̀lú fíltà, ya mẹ́ta láìsí i, tún fókọ́ọ̀sì ṣe ní gbogbo ìgbà. Bí o bá tún ní sùúrù, wo pátákó náà bẹ́ẹ̀ kí o sì máa yí fíltà nìkan: bí lẹ́tà bá ń rìn yípo, ẹ̀gbẹ́ kan dígí yẹn nípọn ju èkejì lọ.

Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá burú bákan náà, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà lórí fíltà. Mi ò tíì fojú kan lẹ́ńsì náà, tòkunbọ̀ sì ni, olú lè ti hù nínú rẹ̀ ní tòótọ́. Bí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá sì mú, bóyá ọwọ́ rẹ ló gbọ̀n lọ́jọ́ ọdún: ní 300, má ya fọ́tò lọ́wọ́ ní ìyára tó lọ́ra ju ìdá kan nínú 500 ìṣẹ́jú àáyá (1/500) lọ àfi bí o bá mọ ohun tí ò ń ṣe.

Bí fíltà bá ti há, má fi púláyà sí i, má sì fún un pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, á wọ́, á tún há sí i. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni kí o wé mọ́ etí rẹ̀, kí o fi ọwọ́ fúyẹ́ yí i sí òsì. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, gbé e wá sí Òkè-Fíà. Ìyẹn ni màá gbowó lé lórí.