Ọmọ Mi Ń Lọ Sí Káńpù Họ́kì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olùkọ́. Ẹja ni mò ń tà ní Ẹbúté, Ìkòròdú níbí. Wọ́n ti pe ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 19, sí káńpù tí wọ́n ti fẹ́ ṣa ẹgbẹ́ họ́kì (bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá) obìnrin orílẹ̀-èdè wa fún sáà tuntun. Láti ìgbà náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń sáré láti Sábó wá sí Ẹbúté, á sì tún sá a padà. Ó ti dín oúnjẹ kù, ó ní òun fẹ́ fúyẹ́. Ọlọ́wọ́ òsì ni, ẹnì kan sì ní kí n wá ọ̀pá ọlọ́wọ́ òsì fún un. Owó ọwọ́ mi ò pọ̀. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà?
Ìyá Agbábọ́ọ̀lù, Ìkòròdú

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, Ìyá wa. Inú mi dùn pé ẹ ò ní kí n bá yín dá a lẹ́kun, torí àwọn ìyá tó gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọmọ níṣojú mi kò kéré.

Eré àfẹ̀mọ́júmọ́ yẹn ò burú, àmọ́ họ́kì ò fẹ́ irú rẹ̀ púpọ̀. Ìṣẹ́jú 60 ni ìdíje àgbáyé báyìí, ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. Kóòṣì lè pààrọ̀ ẹni tó bá wù ú léraléra, ẹni tó jáde á sì tún wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sá a bí ẹni tí ajá ń lé: wọ́n á jáde lọ mí, wọ́n á tún padà. Kí ó fi gbogbo agbára sá nǹkan bíi mítà 30, kí ó rìn padà, kí ó tún un sá.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí gan-an ni pápá. Lórí koríko àti yanrìn ilé ẹ̀kọ́, bọ́ọ̀lù á ti rọlẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ní Òlíńpíìkì, láti Montreal ní 1976 ni wọ́n ti ń gbá a lórí kápẹ́ẹ̀tì oníke, wọ́n sì máa ń wọ́n omi sí i kí bọ́ọ̀lù lè máa yọ̀ geere. Bọ́ọ̀lù náà le gbandi, ó tó nǹkan bíi gíráàmù 160. Ọmọ tó bá nàró dè é, ó ti kọjá lára rẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì kan ẹsẹ̀ rẹ̀, rẹfirí á fun fèrè. Ẹ wá ilẹ̀ símẹ́ńtì tó dán, kí àbúrò rẹ̀ máa ta bọ́ọ̀lù sí i kíkankíkan, kí òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, orúnkún ní títẹ̀, kó fi ọ̀pá gbà á kó sì dúró síbẹ̀ láìta padà. Ọ̀pá àtijọ́ ni kí ó lò o, símẹ́ńtì máa ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Bó ṣe gba bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ni kóòṣì á kọ́kọ́ wò.

Ti oúnjẹ, ẹ má gbà fún un rárá! Ọmọbìnrin tó ń ṣe irú wàhálà yìí láìjẹun tó, nǹkan oṣù rẹ̀ lè dá dúró, egungun rẹ̀ á sì di ẹlẹgẹ́. Ẹja ò wọ́n yín. Kí ó fi jẹ ẹ̀bà, kó jẹ ẹ̀wà, kó mu omi.

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rà ni ìbò ojúgun àti rọ́bà tí wọ́n ń fi sẹ́nu nítorí eyín. Lẹ́yìn ìyẹn, bàtà tí eyín abẹ́ rẹ̀ kéré tó sì pọ̀. Bàtà bọ́ọ̀lù eléyín gígùn ò bá kápẹ́ẹ̀tì yẹn mu. Ọ̀pá tuntun lè dúró ná.

Ẹni tó ní kí ẹ wá ọ̀pá ọlọ́wọ́ òsì kò gbá họ́kì rí. Kò sí i. Ẹ̀gbẹ́ òsì ọ̀pá ló tẹ́jú, èyí tó rí róbótó lódì kejì kò gbọdọ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ọwọ́ òsì sì ni gbogbo wọn fi ń di orí ọ̀pá mú, òun ló ń yí i síbí yí i sọ́hùn-ún. Ọ̀tún kàn ń bá a gbé e nísàlẹ̀ ni. Ọwọ́ ọmọ yín wà níbi tó yẹ kó wà.