Áńtẹ́nà oní-dipole méjì tí kò gba gbogbo ìgbì: níbo ni àṣìṣe wà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Áńtẹ́nà orí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mò ń ṣe fún pírójẹ́ẹ̀tì mi: dipole méjì (irin alápá méjì tó ń gba ìgbì tó sì ń rán an jáde) tó dábùú ara wọn níwájú páànù irin tó ń dá ìgbì padà, ọ̀kan fì sọ́tùn-ún ní dígírì 45, èkejì fì sósì. Ní 2100 MHz ó dára, àmọ́ ní 1800 àti 2600, agbára ń ta padà. Agbára ẹnu kan (ibi tí wáyà dipole ti ń wọlé) sì ń jò sínú èkejì. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Àbúrò, o ṣeun tí o wọ̀n ọ́n kí o tó béèrè. Ọ̀rọ̀ jíjò yẹn ni màá kọ́kọ́ mú, torí òun ló ká mi lára jù. Ìdí tí a fi ń kó méjì sínú ilé kan ni pé ẹni tó ń pè kì í gbé fóònù rẹ̀ dúró ṣánṣán, ìgbì tó bá sì forí sọ ògiri máa ń yí ìdúró padà. Bí ó bá bọ́ mọ́ dipole kan lọ́wọ́, èkejì á gbá a mú. 4G tún ń fi ọ̀nà méjèèjì kó dátà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ń jò sínú ara wọn, wọ́n ti di ẹyọ kan nìyẹn. 30 dB ni kí o lépa: bí a bá pín agbára sí ọ̀nà 1000, ẹyọ kan péré ni kó jò.

Ìdọ́gba ló ń dí i. Láàárín gbùngbùn tí ìlà méjèèjì tó ń gbé iná wá ti pàdé, ọ̀kan á gba òkè, èkejì á gba abẹ́; fi àlàfo mílímítà díẹ̀ sí wọn láàárín, kí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì rí bákan náà. Ṣé o lo balun, ohun tó ń mú kí iná dọ́gba ní apá méjèèjì dipole? Bí o bá kàn fi lẹ́ẹ̀dì lẹ wáyà coaxial (irú èyí tó ń wọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n) mọ́ dipole, iná á máa gba ẹ̀yìn wáyà sọ̀ kalẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jíjò ti ń wá.

Ní ti fífẹ̀, ìyẹn bí ìgbì tí áńtẹ́nà lè gbà ṣe pọ̀ tó, mo fura pé ọ̀pá tín-ín-rín lo lò. Agogo ẹlẹ́nu kan nìyẹn, ohùn kan ló ní. Láti 1710 dé 2690 MHz lo ń wá, ìyẹn bíi ìdá 45 nínú 100 ti àárín rẹ̀, 2200. Gé apá dipole ní pẹlẹbẹ tó fẹ̀, tàbí kí o ṣe é bí òrùka onígun mẹ́rin, kí iná lè rí ọ̀nà gígùn àti kúkúrú gbà. Ìgbì 2200 gùn tó mílímítà 136: fi 68 bẹ̀rẹ̀ fún dipole látorí dé ìdí, kí o sì gbé e ga ní 34 sí páànù. Má rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ nítorí kí ó lè rí pẹlẹbẹ. Bó bá ti sún mọ́ páànù, fífẹ̀ rẹ̀ á dín kù.

Kí ìlà tó ń gbé iná wá má fara kan apá kejì. Tẹ̀ ẹ́ kọjá lórí àlàfo, kí o fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Gígùn ìrù yẹn ni kí o máa gé díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó bá bọ́ sí i, wàá rí kòtò méjì nínú ìlà tí VNA (ẹ̀rọ tó ń wọn agbára tó ń ta padà) yà, dípò ẹyọ kan, VSWR, òǹkà bí agbára ṣe ń ta padà tó, á sì wà lábẹ́ 1.5, ìyẹn ni pé agbára tó ń ta padà kò ju ìdá 4 nínú 100 lọ.

Má tíì fọwọ́ kan etí páànù. Òun ló ń pinnu bí ìtànṣán ṣe fẹ̀ tó, dígírì 65 tí òpó sábà máa ń lò. Tún un ṣe lẹ́yìn tí ẹnu méjèèjì bá ti jókòó.