Ẹ̀rọ tó ń rán pọ́ọ̀sì kọ́ ló ń rán ìjánu ẹṣin

Àbúrò mi ní Ṣàgámù, o béèrè bóyá ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè rán pọ́ọ̀sì àwọn obìnrin Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, kó sì tún rán ìjánu ẹṣin fún Ojúde Ọba. Kò lè ṣe é. Iṣẹ́ méjèèjì ló ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi n'Íjẹ̀bú-Òde, ojú mi sì ti rí i.

Agbára mọ́tò tí àwọn tó ń tà á máa ń pariwo kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà. Òwú ni. Òwú òkè àti ti bọ́bìnì máa ń kọ́ ara wọn, ibi tí wọ́n ti kọ́ra yẹn gbọ́dọ̀ sá pamọ́ sáàárín awọ. Ẹ̀rọ ńlá bíi Juki 441, òwú tó ki ni wọ́n ṣe é fún, bíi 277, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ 24 tàbí 25. Tó o bá ki awọ ewúrẹ́ bọ abẹ́ rẹ̀, kò síbi tí òwú yẹn máa fara pamọ́ sí. Ṣe ló máa tò sábẹ́ pọ́ọ̀sì bí ẹyin iná orí. Awọ kì í sì í ṣe aṣọ: ihò tí abẹ́rẹ́ bá ti lu kò ní dí mọ́, o ò lè tú u kó o tún un rán.

Singer dúdú àtijọ́ máa ń rán awọ tó fẹ́lẹ́, tó o bá fi abẹ́rẹ́ awọ sí i, tó o sì dẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n eyín ìsàlẹ̀ nìkan ló ń fa iṣẹ́ lọ. Tó o bá kó awọ méjì lé ara wọn, ti ìsàlẹ̀ á máa lọ, ti òkè á lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, nígbà tó o bá fi máa dé ìparí, etí wọn ò ní bára mu mọ́.

Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rìn ni kó o kọ́kọ́ rà, irú Juki 1541, torí báàgì ló ń wọlé lójoojúmọ́. Abẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ àti eyín á jọ gbé awọ lọ ni. Òwú 69 fún pọ́ọ̀sì, 138 fún báàgì. Mọ́tò servo ni kó o so mọ́ ọn: ìgbà tó o bá tẹ̀ ẹ́ ló ń fa iná gidi, ó sì ń rọra lọ ní kọ́nà. Àwa tá à ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ mọ iyì ìyẹn.

Ẹ̀rọ onílọ́wọ́ àwọn ṣúmékà dáa fún títún bàtà ṣe, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí síbi gbogbo. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjánu ńkọ́? Ọwọ́ ni kó o máa fi rán an títí owó ẹ̀rọ ńlá á fi dé. Fi irin lu ihò, kó o ki abẹ́rẹ́ méjì bọ ihò kan náà, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì. Bí òwú kan bá já, èkejì á dì í mú. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá, tí ẹṣin ń jó láàárín èrò àtàwọn ọmọdé, tí ìbọn ń dún, ìjánu tó bá já lè pa èèyàn. Jọ̀ọ́, má fi ibẹ̀ ṣeré.

Tó o bá ń lọ ra ẹ̀rọ, mú awọ àti òwú tìẹ dání. Ní kí wọ́n rán an láti ibi tó ki bọ́ sí ibi tó fẹ́lẹ́, kó o wá yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tó bá lóun ò fi awọ ẹlòmíì dán an wò, fi ẹ̀rọ ẹ̀ sílẹ̀ fún un.