Ṣé ìtọ́jú tuntun Casgevy lè sọ SS di AA?

Rárá o, Àǹtí wa ní Mushin. Wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ lára yín, wọ́n á dín agbára jíìnì BCL11A, tó ń dá irú ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú oyún dúró lẹ́yìn ìbí, kù nínú rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà. Ara á wá máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń ní, èyí tí kì í ká bí dòjé. Ṣùgbọ́n ẹyin inú yín kò yí padà: ọmọ yín ṣì máa gba S kan lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí àfẹ́sọ́nà yín yẹ jínótáìpù tirẹ̀ wò. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2023, fún ẹni ọdún 12 sókè. Dọ́là mílíọ̀nù 2.2 ni iye rẹ̀ níbẹ̀. Ilé mélòó nìyẹn n'Ikẹjà!