Ṣé àpúdéètì firmware (ètò tó ń darí ẹ̀rọ láti inú) lè dín bí scanner, ìyẹn rédíò tó ń wá ìkànnì kiri, ṣe ń gbọ́ kù?

Bẹ́ẹ̀ ni o, pàápàá àwọn tó jẹ́ dígítà bíi Uniden SDS100 tí wọ́n ń lò l'Amẹ́ríkà, torí firmware ló ń darí filter (ohun tó ń sẹ́ àmì tí a ò fẹ́ kúrò) àti bó ṣe ń tú ohùn P25 (ọ̀nà dígítà tí àwọn ọlọ́pàá àti panápaná ń fi sọ̀rọ̀ lórí rédíò). Eriali ò yí padà, àmọ́ tí filter tàbí ATT (ohun tó ń dín agbára àmì tó ń wọlé kù) bá ti yí, ìkànnì tó jìnnà á kàn dákẹ́ lọ gbári. Kọ́kọ́ wò ó bóyá ATT wà ní títàn, tí kì í bá ṣe òun, gbé filter láti Normal sí Invert tàbí Wide, kó o máa gbọ́ èyí tó já geere. Rédíò NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ láàárín 162.400 sí 162.550 MHz ni kó o fi dán an wò, kì í sinmi tọ̀sántòru, jókòó síbì kan náà, lo eriali kan náà.