Ǹjẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ SS2 láti Kábà lè lọ sí ètò ẹ̀kọ́ nípa àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè àti ìṣe aṣáájú lókè òkun láìsanwó?

Ó ṣeé ṣe, bí ó bá béèrè ìrànwọ́ owó lásìkò kan náà tó ń kọ fọ́ọ̀mù, tí wọ́n sì fún un. Yale Young Global Scholars ní Amẹ́ríkà jẹ́ àpẹẹrẹ: ọ̀sẹ̀ méjì ni, fún ọmọ ọdún 16 sí 18, bí agbára òbí bá sì ṣe mọ ni wọ́n fi ń pín ìrànwọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá owó bàálù àti físà wà nínú rẹ̀.

Ìwé ló sábà máa ń dá ọmọ dúró. Ẹni tó wà ní Kábà, Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀ lè ṣe páspọ́ọ̀tù ní ọ́fíìsì Ìmígíréṣọ̀n ní Lọ́kọ́ja. Orúkọ inú NIN, ìwé ọjọ́ ìbí àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ bára mu pátápátá. Ẹ tún NIN ṣe kí ẹ tó sanwó páspọ́ọ̀tù. Ọmọ tí kò tíì pé 18 nílò lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí.

Ètò tó bọ́ sí oṣù kẹfà tàbí ìkeje lè forí gbárí pẹ̀lú ìdánwò tẹ́ẹ̀mù kẹta. Ẹ tètè sọ fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́.

Òfin físà Amẹ́ríkà fún ọmọ Nàìjíríà máa ń yí padà, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó san owó kankan tí wọn kì í dá padà.