Báwo ni iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ṣe lè máa lọ lẹ́yìn tí a bá ti dá ètò sáfà dúró lórí Linux?

Fi àṣẹ systemd-run gbé iṣẹ́ náà dìde, kí ó lè ní yúnìtì tirẹ̀, ìyẹn ohun tí systemd (ètò tó ń gbé àwọn ètò mìíràn dìde, tó sì ń bójú tó wọn lórí Linux) ń bójú tó lọ́tọ̀. Bí sáfà bá kú, kò ní bá a kú.

Ohun tó ń pa iṣẹ́ náà ni pé systemd máa ń kó sáfà àti gbogbo ohun tó bá bí sínú agbo kan, cgroup. Tí o bá ti tẹ systemctl stop, gbogbo agbo náà ni yóò gba SIGTERM, àmì pé kí wọ́n jáde. Èyí tí kò bá tètè jáde (ìṣẹ́jú àáyá 90 ló sábà máa ń fún wọn), SIGKILL, àmì tó ń pa á tipátipá, ló kàn án. Ìdí nìyẹn tí àwọn àṣẹ nohup àti setsid kò fi tó níbí: wọ́n ń gba iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí a bá pa tẹ́míná dé, wọn kò yọ ọ́ kúrò nínú agbo.

Àpẹẹrẹ, pẹ̀lú àṣẹ root:

systemd-run --unit=afeyinti /usr/local/bin/afeyinti.sh

Dá sáfà dúró, kí o wá tẹ systemctl status afeyinti. Wàá rí i pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

KillMode=process (pé kí systemd pa ojúlówó ètò sáfà nìkan) lábẹ́ [Service] nínú fáìlì yúnìtì sáfà náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ systemd fúnra wọn kò dámọ̀ràn rẹ̀, torí pé àwọn iṣẹ́ tó bá ṣẹ́kù máa ń bọ́ lọ́wọ́ àbójútó rẹ̀.